Àwo Tí Wọ́n Ní Mo Ha

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí wọ́n nà mí nítorí àwo orin kan. Mo ti lé ní ogójì ọdún báyìí, irùngbọ̀n mi ti ń funfun, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo sì ti ní ọmọ tèmi tí mo lè nà. Síbẹ̀, tí mo bá dé ilé wa ní Ilare tí àwọn àgbà bá jókòó, ohun kan náà ni wọ́n fi ń dá mi mọ̀. "Ṣé èyí ni ọmọ tó ha àwo?" Kò sí ẹni tó bèèrè rí bóyá èyí ni ọmọ tó kàwé.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi pàápàá, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi dìde láàárín èrò, ó ní kí àwọn àna mi fọkàn balẹ̀, ọmọ dáadáa ni wọ́n fi ọmọ wọn fún, kí wọ́n ṣá má jẹ́ kó fọwọ́ kan ohunkóhun tó bá ń yí. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé wọ́n ń ya fọ́tò.

Kí n sọ bí àwo náà ṣe jẹ́. Kòkó ni bàbá mi ń rà nígbà tí agbára ṣì wà, àwọn olórin sì fẹ́ràn láti máa rí i lójú agbo. Olórin kan wà nílùú wa nígbà náà tí òkìkí rẹ̀ kò kọjá Gbọ̀ngán, ṣùgbọ́n ó ń ṣe àwo, àwo sì ni àwo. Àṣà wọn ni pé tí o bá ti ṣe olórin lóore, yóò fi ọ́ sínú àwo rẹ̀. Láàárín orin méjì, yóò dárúkọ rẹ, yóò dárúkọ bàbá tó bí ọ, yóò kí mọ́tò rẹ, yóò sì pè ọ́ ní ọkọ ìyàwó rẹ. Ẹni tí wọ́n bá ti fi sínú àwo, lójú ara rẹ̀, kò ní kú mọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí bàbá mi gbé tirẹ̀ délé, ó kó gbogbo wa jọ sí pálọ̀. Ó fi aṣọ nu gíráàmù, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá onígi tí a fi ń gbọ́ àwo, ó gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ lé e, ó ní kí a dákẹ́. A dákẹ́. Olórin kọrin títí, ó wá dé ibẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi kí..." Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán báyìí ni ikọ́ gbé bàbá mi. Kì í ṣe ikọ́ kékeré. Ó wú u títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, nígbà tó sì fi máa dákẹ́, olórin ti ń kí ẹlòmíràn. Bàbá ní kò sí wàhálà, a óò tún un gbọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Lójú tèmi, ayọ̀ ló há a lọ́fun.

A kò tún un gbọ́. Kó tó di ọjọ́ kẹrin, ìlà ti wà lójú àwo. Tó bá ti dé "Ẹ bá mi kí," yóò ní tá, abẹ́rẹ́ yóò fò, olórin yóò sì bọ́ sórí ẹlòmíràn bí ẹni tí kò mọ bàbá mi rí. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó ṣe é, wọn kò wá jìnnà. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n bá mi nídìí gíráàmù, níbi tí mo ti gbé bisikíìtì róbótó kan sí i láti mọ̀ bóyá yóò kọrin. Ẹni tó ti ṣe irú èyí, kí ni yóò tún sọ? Mo kọ́kọ́ ní kì í ṣe èmi. Nígbà tí pàṣán di mẹ́ta, mo ní èmi ni.

Láti ìgbà náà ni mo ti jẹ́wọ́ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí bí mo ṣe ṣe é. Mo rántí ìṣó tí mo fi ha á. Mo rántí àwọ̀ ṣòkòtò tí mo wọ̀. Ẹnì kan ní kí bàbá ra òmíràn, bàbá ní ó ti tán lọ́jà. Kíá ló fèsì, a kò tiẹ̀ rí i kó lọ sọ́jà.

Nígbà tó ku oṣù méjì kí bàbá mi pé ọgọ́rin ọdún, àwọn àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í pín iṣẹ́ lórí fóònù. Ẹnì kan gba ti màlúù, ẹnì kan gba ti ìjókòó àti àtíbàbà. Èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, mo ní ohun tí mo fẹ́ ṣe. Àwo náà ni mo fẹ́ tún ṣe. Mo fẹ́ kí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ lójú gbogbo àwọn àgbà tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kí orúkọ bàbá mi dún ketekete, kí ẹnì kan nínú wọn sì sọ pé èyí ni ọmọ tó tún àwo ṣe. Ohun tí mo ń wá kò ju ìyẹn lọ. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí àgbàlagbà máa wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń wá a.

Mo lọ sí Ilare lọ béèrè rẹ̀.

"Àwo wo?" bàbá mi wí, àfi bí ẹni pé mẹ́wàá ni mo ha.

"Èyí tí mo ha, sà."

"Fi í sílẹ̀ jàre. Ó ti kú. Ṣé wọ́n ń tún òkú ṣe ni?"

Ìyá mi jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Aránṣọ ni láti ìgbà èwe rẹ̀, kò sì tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò gbójú sókè. "Ẹ jẹ́ kó gbé e lọ," ló wí. "Ṣé ó tún lè bàjẹ́ ju bó ṣe wà lọ ni?"

Màámi kò mọ irú ọmọ tó bí.

Gíráàmù ilé wa ti kú tipẹ́, fọ́tò àwọn ọmọ-ọmọ ni wọ́n ń tò sórí rẹ̀. Mo bá gba Modákẹ́kẹ́ lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún fún àwọn ẹ̀rọ tí àwọn tó ni wọ́n ti gbàgbé. Ó yá mi ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń lu àwo. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù, ó sì búra fún mi pé tí mo bá ṣẹ́ ẹ, òun yóò wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa wá nà mí lójú àwọn ọmọ. Ó ní kí n mú àwo náà wá kí òun wò ó. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, màá ṣe é fúnra mi nílé. Ìgbéraga ni, n kò ní purọ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe, ẹ má bú mi. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, kò sí ohun tó bàjẹ́ lára èèyàn tí a kì í fi òrí pa. Ẹsẹ̀ tó rọ́, òrí. Ìgúnpá tó le, òrí. Imú tó dí, òrí. Mo jókòó sí ilé mi ní Òkè-Ògbó, mo wo àwo yẹn, mo rò ó pẹ̀lú ọpọlọ tí mo fi ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìṣirò, mo sì rí i pé ọgbẹ́ ni ìlà, ojú àwo sì ni awọ ara. Mo bu òrí, mo fi ọwọ́ yọ́ ọ, mo fi pa á yíká-yíká. Ó dán. Ó dán débi pé mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín sí ara mi.

Nígbà tí mo lù ú, ohùn olórin ń jáde bíi ti ẹni tí ẹ̀kọ kún lẹ́nu. Kò tiẹ̀ dé "Ẹ bá mi kí" rárá. Abẹ́rẹ́ ń kó òrí jọ bó ṣe ń lọ, ó kó o títí ó fi di ìṣù kan ní imú rẹ̀, ó sì dúró jẹ́ẹ́.

Mo gbé gbogbo rẹ̀ padà sí Modákẹ́kẹ́. Bàbá náà gbé àwo sókè, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Kí lẹ fi pa á?"

"Òrí ni, sà."

"Òrí?" Ó pe ìyàwó rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé pé kó wá wo nǹkan. "Tíṣà, ẹ fi òrí pa àwo. Ṣé ó fẹsẹ̀ rọ́ ni?" Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n oníbàárà kan. Bàbá náà fi igi ìtayín yọ òrí kúrò lẹ́nu abẹ́rẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, ó ń mí kanlẹ̀. Ó ní kí n lọ fi omi àti ọṣẹ ìfọwọ́ fọ àwo náà, kí n sì padà wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà tí orí mi bá ti balẹ̀.

Ojú tì mí, n kò padà lọ́sẹ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni bàbá mi pè mí. Bàbá mi kì í pe èèyàn. Tí wọ́n bá fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀, wọ́n á jẹ́ kí fóònù rẹ dún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gé e, ìwọ lo máa pè padà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, wọ́n pè, wọ́n sì dúró.

"Mo ti ń ronú sí ọ̀rọ̀ àwo yẹn," ni wọ́n wí. "Oòrùn ni kí o sá a sí. Oòrùn ọ̀sán gangan. Tó bá ti rọ̀ dáadáa, ìlà yẹn á pa dé fúnra rẹ̀."

Inú mi dùn. Mo rò ó pé bàbá ti gbà pé mo lè ṣe é. Mo gbé àwo náà sórí símẹ́ǹtì níwájú ilé láago méjìlá, mo wọlé lọ máàkì ìwé. Nígbà tí mo jáde, etí àwo ti ká sókè yíká, àárín rẹ̀ ti jìn. Ìyàwó mi dúró tì í, ó káwọ́ gbera.

"Ṣé abọ́ tuntun nìyẹn?"

Mo fi ọwọ́ tẹ etí àwo wálẹ̀. Ó tún ká padà.

"Ó dáa o. Tí òjò bá rọ̀, àwọn adìẹ á rí omi mu."

Mo pe bàbá mi padà, mo ní sà, ó ti ká o. "Ẹn-ẹ́n?" ni wọ́n wí. "Ó mà ṣe o. Ṣáà fi í sílẹ̀ báyìí." Ohùn wọn jọ ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó. Mo gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo rò pé ọjọ́ orí ni.

Ó ṣe mí bíi kí n jù ú nù. Ṣùgbọ́n mo rò ó wò: tí mo bá jù ú nù, n kò ní jẹ́ ọmọ tó ha àwo mọ́, ọmọ tó ha àwo tó sì tún sè é ni wọ́n á máa pè mí. Mo gbé ìtìjú jù síbi kan, mo padà sí Modákẹ́kẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ tẹ etí àwo, ó ní ó ṣì lè padà. Ó ní kí n wá gíláàsì pẹlẹbẹ méjì, kí n fi àwo sáàárín, kí n gbé e sí oòrùn àárọ̀ tí kò tíì le, kí n gbé ẹrù lé e, kí n sì jẹ́ kó tutù lábẹ́ ẹrù náà.

Gíláàsì orí tábìlì wa nílé jẹ́ méjì. N kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Fún ẹrù, mo to ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá kíláàsì méjì lé e lórí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìwé wọn máa tọ́ nǹkan kan sọ́nà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Ní ọjọ́ kẹta, àwo tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo gbé e lé ọwọ́ kan, mo jó yí tábìlì ká.

Lẹ́yìn náà ni bàbá Modákẹ́kẹ́ kọ́ mi ní ti gọ́ọ̀mù. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ni wọ́n ń tẹ́ sójú àwo, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, wọ́n á wá bó o kúrò bí awọ. Gbogbo ìdọ̀tí tó ti wọ inú poro àwo láti ọdún gbọ́nhan ni yóò bá a jáde. Poro ni mo ń pè é, nítorí pé bí ẹ bá wò ó dáadáa, ojú àwo kò yàtọ̀ sí oko: ebè wà, poro wà láàárín, inú poro sì ni abẹ́rẹ́ ń gbà. Ìyàwó mi tó ti ń bú mi láti ìgbà tí gíláàsì tábìlì rẹ̀ ti wà níta dúró lẹ́yìn mi nígbà tí mo fẹ́ bó o. Ó ní kí n jẹ́ kí òun dán an wò. Mo kọ̀. Ó gbá etí kan mú, mo di etí kejì mú, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Nígbẹ̀yìn, mo fi sílẹ̀ fún un. Ó bó o láti òpin kan dé ìkejì láìjá, ó gbé e sókè sójú ìmọ́lẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì béèrè bóyá bàbá mi ní àwo mìíràn.

Ìdọ̀tí ti lọ, òrí ti lọ, àwo ti tẹ́, ohùn olórin ti mọ́ gaara. Ó wá ku ìlà náà fúnra rẹ̀. Fún ìyẹn, bàbá Modákẹ́kẹ́ ní mo nílò igi ìtayín ẹlẹ́nu ṣóńṣó, sùúrù, àti gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ìyá mi ní irú gíláàsì bẹ́ẹ̀, òun ló fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, kò sì gbà kó jáde nínú ilé. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ lò ó yóò wá lò ó lójú òun. Báyìí ni mo ṣe ń lọ sí Ilare lọ́jọ́ Sátidé mẹ́ta léraléra, tí mo ń tẹrí ba lé àwo nínú yàrá tí ó ti ń ránṣọ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi gíláàsì wò ó, ẹnu yà mí. Ìlà mẹ́ta ni. Wọ́n gún rẹ́gírẹ́gí, gígùn wọn dọ́gba, àlàfo àárín wọn dọ́gba. Wọ́n ya gbogbo ebè tó wà níbẹ̀ wó, abẹ́rẹ́ tó bá dé ibẹ̀ kò rí ohun tó máa dá a dúró, ó kàn máa fò kọjá ni. N kò lè gbàgbé ohun tó wá sí mi lọ́kàn. Mo ní, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí mo ti mọ iṣẹ́ ṣe báyìí! Mo yin ara mi.

Iṣẹ́ náà kò le, ó kàn ń pa èèyàn lẹ́yìn ni. O máa fi igi ìtayín tọ poro kan, o máa tì í jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú, o máa tẹ ẹ̀gbẹ́ tó wó padà, o máa bọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Ìyá mi ń ṣẹ́tí aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà mìíràn ó máa sún àga rẹ̀ síwájú fèrèsé, òkùnkùn á bo iṣẹ́ mi, màá ní Màámi ẹ jọ̀ọ́, á sì sún un kúrò. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ bí ìgbà mẹ́fà.

"Ojú rẹ á fọ́ o," ló ń sọ. "Torí orin tí kò dùn."

Ní Sátidé kẹta, bàbá mi lọ sí ìpàdé ìjọ. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ọjọ́ ìbí pé. Mo mú bọ́tìnnì irin kan nínú agolo bọ́tìnnì ìyá mi, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí apá tó gbé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà dání, kó lè wúwo, kó má baà fò. Mo gbé e lé àwo.

Olórin kọrin. Ó dé ibẹ̀. "Ẹ bá mi kí..." Tá, tá, tá, ló ń dún, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kò fò. Orúkọ bàbá mi jáde. Ó jáde ketekete, pẹ̀lú orúkọ bàbá tó bí wọn. Mo fò sókè, mo na ọwọ́ méjèèjì, mo pariwo. Olórin kò dúró. Ó ní, "Ọkọ..." Ó sì dárúkọ obìnrin kan.

Mo mọ orúkọ ìyá mi. Mo máa ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Kì í ṣe òun. Mo rò ó pé bóyá olórin ṣì í sọ, ṣùgbọ́n ó tún un sọ, àwọn tó ń gberin sì gbà á lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ìdùnnú. Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Mo gbé abẹ́rẹ́ kúrò.

Ìyá mi fi eyín já òwú.

"O mà mọ̀ ọ́n ṣe o," ló wí. "N kò rò pé o lè ṣe é."

"Màámi, ta nìyẹn?"

"Ẹnì kan ni. Ó ń ta aṣọ nígbà náà. Òun náà wà lójú agbo lọ́jọ́ tí wọ́n ń náwó fún olórin. Ó ti lọ fẹ́ ẹlòmíràn tipẹ́." Ó yí aṣọ ọwọ́ rẹ̀ padà. "Bàbá rẹ rò pé ikọ́ lè bo orin mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, mo gbé àwo sí i, mo ní kí n gbọ́ ohun tí wọ́n ń wú ikọ́ lé lórí."

"Ẹ sì gbọ́ ọ."

"Mo gbọ́ ọ. Mo bá mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ mi. Orúkọ tiẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ yọ kúrò. Orúkọ bàbá rẹ ló sún mọ́ ọn jù."

Inú bí mi. Inú bí mi gan-an, bí ọmọ kékeré ṣe ń bínú, tí omi ń wá sójú.

"Màámi! Èmi ni wọ́n nà!"

"Mo mọ̀. Mo gbọ́ ẹkún rẹ láti kíṣìnì." Ó fa òwú tuntun yọ. "Mo dín dòdò fún ẹ lọ́jọ́ náà."

Mo rántí dòdò yẹn. Ọjọ́ Wẹ́sìdé ni, a kì í sì í dín dòdò lọ́jọ́ Wẹ́sìdé nílé wa. Mo rò pé àánú mi ló ṣe é. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi ń sọ ọ́ káàkiri bí ìyá mi ṣe fẹ́ràn mi tó, pé lọ́jọ́ tí mo ha àwo, ó dín dòdò odindi ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta fún èmi nìkan. Mo sọ fún un pé mo ti sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ó ń gbọ́ mi, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, mo rò pé ẹkún ló fẹ́ sun. Ẹ̀rín ni. Nígbà tó bú jáde, n kò lè dá tèmi náà dúró. A rẹ́rìn-ín títí tí awò ojú rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀.

Ó nu ojú. Ó wá béèrè, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́, "Ṣé wàá lù ú lọ́jọ́ náà?"

Mo wo àwo. Tí mo bá lù ú, gbogbo ohun tí mo ń wá ni màá rí. Wọ́n á gbọ́ orúkọ bàbá, wọ́n á sì mọ̀ pé mo tún un ṣe. Wọ́n á gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e náà. Gbogbo àwọn àgbà yẹn yóò yíjú sí ibi tí ìyá mi bá jókòó sí, nínú aṣọ tó ń rán lọ́wọ́ yìí fún ọjọ́ náà. Tí n kò bá lù ú, èmi náà ni ọmọ tó ha àwo títí tí wọ́n á fi sin mí.

N kò tíì dá a lóhùn tí bàbá fi wọlé. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú. Wọn kò wò mí. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń wò, àti àwo tó ṣì ń yí lórí rẹ̀.

"Ṣé ó ti ṣe?"

Ìyá mi tẹjú mọ́ aṣọ ọwọ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò lọ, kò bọ̀.

"Rárá, sà," ni mo wí. "Kò ṣe é ṣe. Mo tún ti ha á ni."

Mo mú igi ìtayín, mo sì fi í fa ìlà kan síbẹ̀ gbagidi lójú àwọn méjèèjì, kí irọ́ mi lè jẹ́ òótọ́. Ó dùn mí. Sátidé mẹ́ta ni. Bàbá jókòó sórí àga, wọ́n mí jáde gbọọrọ. Ìyá mi dìde, ó ní òun fẹ́ lọ bu omi wá fún wọn, ó sì fi ọwọ́ kan mi léjìká bó ṣe ń kọjá.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dún dé kíṣìnì, bàbá fara sún mọ́ mi.

"O ṣeun," ni wọ́n wí, lóhùn jẹ́jẹ́.

"Kí ni mo ṣe, sà?"

"Mo rí ìlà yẹn lọ́jọ́ náà kí n tó mú pàṣán. Ìlà aránṣọ ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ."

Mo wò wọ́n. Mo rò pé mo ti bínú tán lọ́jọ́ náà.

"Ẹ mọ̀? Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi nà mí?"

Bàbá wo ọ̀nà kíṣìnì. Wọ́n wò mí, ó sì hàn lójú wọn pé ìbéèrè náà yà wọ́n lẹ́nu, pé wọ́n rò pé ó yẹ kí ẹni tó kàwé tó báyìí ti mọ̀ ọ́n.

"Ta ni kí n wá nà?"

Mo gbé àwo kúrò lórí ẹ̀rọ, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ìyá mi ti ń bọ̀ pẹ̀lú omi.